Ogún Nínú Ogún Tí Mo Fún Láníyan

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, nínú gbogbo ẹni tó ń mí lórí ilẹ̀ ayé, èmi Àjàní nìkan ló ti wọ ọ̀run àpáàdì lọ́sàn-án gangan, tí mo fi iná ibẹ̀ yan àgbàdo, tí mo sì jáde láìjẹ́ pé fìlà mi gba òórùn èéfín. Àgbàdo méjì ni mo yan. Mo jẹ ọ̀kan lójú ọ̀nà, mo mú ìkejì wálé. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó rín tirẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ń dùn mí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi àti Láníyan, tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, ti ń jẹun pọ̀ láti kékeré. A jọ sá kúrò nílé ìwé, a sì tún jọ padà síbẹ̀ lágbà, nígbà tí Tísà Bùkọ́lá dá kíláàsì àgbàlagbà sílẹ̀ nínú ìjọ wa. Sátidé, nínú gbọ̀ngán. Ọjọ́rú, lórí fóònù. Tísà ní kí kálukú kọ létà sí ẹni tó bá wù ú, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ lórí fóònù, kí ìyẹn máàkì rẹ̀. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò ka Bíbélì níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìkórè.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe ojúsàájú, ó fún wa ní ìwé òṣùwọ̀n kan, ìlà mẹ́rin, máàkì márùn-ún fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹni tí wọ́n kọ létà sí yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́sẹẹsẹ? Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó dùn ún gbọ́ bí a bá kà á sókè?

“Kí ni ti òṣùwọ̀n láàárín ọ̀rẹ́?” ni mo wí fún Láníyan, tó jẹ́ ẹnìkejì mi, lójú ọ̀nà ilé. “Fún mi ní ogún, kí n fún ọ ní ogún.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti gbà nìyẹn.

Létà rẹ̀ dé sórí fóònù mi. Mo fún un ní ogún kí omi tó hó lórí iná. Lọ́jọ́ kejì, tèmi dé: mẹ́sàn-án! Mo gba ilé rẹ̀ lọ.

“Láníyan, mẹ́sàn-án?”

“Mẹ́sàn-án ni. O ní gómìnà lo kọ ọ́ sí, ẹkùn tí o bá jà lo fi gbogbo rẹ̀ sọ. Ọ̀kan. Ó tò díẹ̀, mẹ́ta. Ti òótọ́, òdo. Àjàní, ewúrẹ́ lé ọ rí, o gun igi.”

“Òdo!”

“Àmọ́ ó dùn ún gbọ́. Mo fún ọ ní márùn-ún pé níbẹ̀.”

“Ṣé òṣùwọ̀n ti bá ọ jẹun nínú abọ́ kan rí?”

“Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀.”

“Ìgbà wo?”

“O fún mi ní ogún,” ló wí, ó sì wọlé.

Mo lọ bá Tísà. Ó ní, “Bàbá, òṣùwọ̀n náà wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kọ ọ́. Níbo ni wọ́n ti rẹ́ yín jẹ nínú rẹ̀?” Mo kúrò níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo sọ ọ́ kiri pé ọ̀dàlẹ̀ ni Láníyan, n ò kí i mọ́, mo sì kọ̀wé ẹ̀sùn sí Bàbá Ìjọ pé kí wọ́n gba Bíbélì kíkà tí ogún mi jẹ́ kó rí gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí Ìkórè tó dé. Òní ni wọ́n ní àwọn yóò dájọ́.

Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Olúwa, fi ibi tí wọ́n ń sun ọ̀dàlẹ̀ hàn mí.” Mo nà sórí ẹní, oorun gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ló mú mi lọ́wọ́, bírò pupa há sí etí rẹ̀. A kọ́kọ́ dé ẹnu bodè ọ̀run rere. Wọ́n kọ òṣùwọ̀n gàdàgbà sára ìlẹ̀kùn, lóde.

“Kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ síta?”

“Kí ẹni tó ń bọ̀ lè kà á kó tó gbéra nílé.”

Nínú ibẹ̀, àwọn arúgbó ń kàwé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í kà, ẹnìkan á fi ìka hàn án, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ìsinmi nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ooru. Mo rí tísà kan tó ń gun àkàbà, bó ti ń gun ọ̀kan ni wọ́n ń fi méjì kún un lókè. Olùtọ́nà mi ní, “Ó fi òṣùwọ̀n pamọ́ fún àwọn ọmọ.” Mo rí òmíràn, àtàǹpàkò rẹ̀ wú tó ìkòkò, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. “Ó ń tẹ ‘ó dára’ lórí fóònù láìka iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.”

“Láníyan ńkọ́?”

“Ta ló ní ó wà níbí?”

Ni mo bá rí àga irin kan, ó pọ́n bí ẹyin iná, kò sẹ́ni lórí rẹ̀, orúkọ mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mo pariwo, mo yí padà, ọ̀nà ti dí, ilẹ̀ ń fà mí sún mọ́ ọn, mo ní èmi kọ́, èmi ni wọ́n dà, èmi ni wọ́n dà! Ọkùnrin náà na létà Láníyan sí mi. “Kà á.” Mo kà á:

“Sí Àjàní, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ogún tí o sọ yẹn, n ò lè ṣe é. Ojú mi ń ṣú. Dókítà ní kò ní pẹ́ tí n ò ní ríwèé kà mọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ kó máa ka Bíbélì fún mi nígbà náà. Bí mo bá fún ọ ní ogún lọ́fẹ̀ẹ́, o ò ní kọ́ ìwé dáadáa. Ibi tí o bá kù sí ni n ó sọ. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, pè mí kí n tó máàkì tìrẹ.”

N ò pè é. Ìlà kìíní nínú òṣùwọ̀n, ṣé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí yóò mọ̀, mo fún un ní márùn-ún nínú márùn-ún níbẹ̀. Èmi tí wọ́n kọ ọ́ sí ni n kò mọ̀.

Mo jí, òógùn bò mí. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará: ẹ kà á kí ẹ tó dájọ́ rẹ̀. Bàbá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìwé ẹ̀sùn mi ya.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo fi orí ara mi hùmọ̀. N ò sùn. Kò sí ọkùnrin oníbírò, kò sí àkàbà, kò sí àga iná, ẹ̀bá títì ni mo ti ra àgbàdo. Ìbínú ni mo fi ṣí létà náà, kí n lè wá àṣìṣe inú rẹ̀, lórí ẹní mi, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Létà náà nìkan ni n kò hùmọ̀. Ó wà nínú fóònù yìí.

Láníyan, sún mọ́bí. Jẹ́ kí n kà á sókè fún ọ. Bí mo bá ṣì í kà, fún mi ní iye tó tọ́ sí mi.