Fọ́ọ̀mù Tí A Wá Fún Ọjọ́ Mẹ́rin

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún Ọlọ́run tó ń ṣílẹ̀kùn tí ojú èèyàn ò tiẹ̀ rí! Halelúyà! Ẹ má bínú sí ariwo mi, ayọ̀ ló fà á. Èmi Ìyá Bùkọ́lá tó ń ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari ní Kano níbí ni.

Bùkọ́lá tí ẹ ń wò láàárín àwọn akọrin yẹn gba admission láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì kan. Ó ku kó kún fọ́ọ̀mù kan lórí website wọn kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Friday tó lù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ mẹ́rin la fi wá a! Website yẹn rẹwà o. Fọ́tò ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀, òdòdó wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n kọ "Visitors" sí fún àwọn àlejò wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù nìkan ni kò sí. Ó tẹ "Admission", ìtàn ilé ìwé ló bá. Ó wá rí "Kano Students", inú wa dùn! Ṣebí Kano ni wọ́n bí i sí, Kano ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, bàbá bàbá rẹ̀ ló bá iṣẹ́ reluwé wá sí Sabon Gari. A tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ká mú lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ wá pé ọmọ Kano ni. Níbo la ti fẹ́ rí i? Ìwé wa ṣì ń sọ pé ará Ọ̀ṣun ni wá. La bá tún padà sídìí òdòdó.

Nígbà tó di Friday, aago mẹ́ta ti kọjá, Bùkọ́lá bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù. "Mama, na gaji. I don tire."

Mo kúnlẹ̀ sáàárín aṣọ, mo ní, "Olúwa, mi ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣọ́ọ̀bù ni mo mọ̀. Fi èdè ṣọ́ọ̀bù bá mi sọ̀rọ̀!" Ọ̀rọ̀ kan bá wọ ọkàn mi: ẹni tó to ọjà ló mọ ibi tó fi í sí. Òótọ́ ni! Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe aṣọ lèmi náà fi ń to tèmi. Oníbàárà á wọlé, á ní òun ń wá aṣọ ìkómọ, á dúró ti ohun tó ń wá, kò ní rí i. Mo fò dìde. "Bùkọ́lá, má wo ibi tí o mọ̀ pé o wà. Wo ibi tí àwọn tó to website fi wá sí. Tẹ 'Visitors'!"

Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí. "Haba Mama! Mu ba baƙi ba ne!" Pé àwa kì í ṣe àlejò. Mo ní kó ṣáà tẹ̀ ẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́! Lábẹ́ "Visitors" la ti rí "Other States", abẹ́ ìyẹn ni fọ́ọ̀mù wa jókòó sí bí ìyàwó tuntun! Ó kún un, ó fi í ránṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ jáde. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà! Mo jó títí gèlè mi fi já bọ́. Alhaji tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì sáré wá: "Madam, lafiya?" Pé ṣé àlàáfíà ni. Mo ní, "Lafiya lau!"

Mi ò ní parọ́, ó dùn mí díẹ̀. Ìran kẹta rèé, wọ́n ṣì ń pè wá ní àlejò. Bùkọ́lá ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù yẹn síwájú website wọn. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀yin òbí tí àkókò tí wọ́n fún ọmọ yín kò tíì kọjá, tí ẹ ṣì ń wá a, ẹ rí wa lẹ́yìn ìsìn. Èmi náà sì ti tún ọjà mi tò o, aṣọ ìkómọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bùkọ́lá, dìde kí wọ́n rí ẹ! Àárín àlejò ni wọ́n tò ó sí, ibẹ̀ náà ni Ọlọ́run ti lọ mú un jáde. Nọ́ọ̀sì wa rèé o! Ẹ bá mi yọ̀!