Mo Rán Àbúrò Mi Lọ Bẹ Òkú

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ẹnu mi mú. Gbogbo ọjà Bódìjà níbi tí mo ti ń ta ẹja yíyan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀, mo sì máa ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí ẹnu mi yìí sọ, tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ara mi á bù máṣọ. Délé ni mo sọ ọ́ sí, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ẹni tí mo pọ̀n dàgbà ní Ṣakí lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Kí ni mo sọ? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kan péré ni mo bí kí ọkọ mi tó di olóògbé. Ìbùkún ni orúkọ rẹ̀. Agbowó là ń gbé, Délé sì ń bá wa gbé. Ọ̀kadà ni Délé ń gùn, òun ló máa ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ní Mọ́kọ́lá. Ìbùkún fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá ní èmi ni n ó mú un lọ, ṣe ni yóò fajú ro. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti dá wọn dúró nílé, ìdánwò sì wà nílẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pariwo pé, “Délé, ṣe kíá, kí wọ́n má ti géètì mọ́ ọmọ yìí o!” Nígbà tí wọ́n dé Ṣàngó, ọkọ̀ ti dí ojú ọ̀nà pa. Délé bá gba wọ́n-wéè, ó kọjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, bí gbogbo ọlọ́kadà ìlú Ìbàdàn ti máa ń ṣe, bí àwa tí wọ́n ń gbé náà ti máa ń ní kí wọ́n ṣe. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sì ń bọ̀. Ẹsẹ̀ Délé kán. Ọmọ mi kò dé ibi ìdánwò.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà san díẹ̀, àwọn ẹbí kó ara wọn wá láti Ṣakí wá bẹ̀ mí. Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé igi tó fi ń tilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sọ ju “Ẹ foríjì mí, àǹtí mi” lọ. Àwọn àgbà ń wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo wá dìde, mo ní: “Délé, èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹni tí o ṣẹ̀ wà ní itẹ́ òkú. Lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dá ọ lóhùn, kí o wá sọ fún mi.” Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. Àbí irọ́ ni mo pa? Ta ni mí tí n ó máa fi ohun olóhun tọrẹ? Délé kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òjóò. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi tí a jọ ń lọ, bí wọ́n bá ti fẹ́ pín oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ṣe ni yóò dìde, yóò tiro jáde. Nígbà tó yá, kò wá mọ́.

Ó di ọdún kẹta. Ní Sátidé tó ṣáájú ọdún Àjíǹde, mo mú àdá, mo lọ ro ojú oórì ọmọ mi, bí a ti máa ń ṣe kí ọdún tó wọlé. Mo débẹ̀, mo bá a ní ríro. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ń gbá ní àràárọ̀. Délé ni mo bá níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì, kò rí mi. Mo gbọ́ tó ń wí pé, “Ìbùkún, bọ̀dá rẹ ti tún dé. Màmá rẹ ló ní kí n wá bẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, sọ gbólóhùn kan fún mi, kí n lè rí nǹkan sọ fún wọn.” Ó wá dákẹ́, ó ń dúró. Ẹ gbọ́ ná, ó ń dúró lóòótọ́! Mo yí padà tèmi tàdá, n kò lè pè é.

Lọ́jọ́ kejì, a kọrin àjíǹde yí Agbowó ká ní ìdájí, tijó tayọ̀, ṣùgbọ́n orin kò jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí a jókòó fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo dá bàbá tó ń kọ́ wa dúró, díákónì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Mo ní, “Bàbá, bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti kú, ta ló lè dárí jini?”

Gbogbo wọn mọ ohun tí mò ń bèèrè. Bàbá ní, “Ìyá Ìbùkún, ohun tí Peteru gbé sùn ní Sátidé nìyẹn. Ó ti sẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ti kú, ta ni yóò bẹ̀? Ká ní ibojì yẹn ò ṣí ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ló jí yìí o! Ó jí tán, kò gbẹ̀san. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí Gálílì, áńgẹ́lì tó jíṣẹ́ náà sì dá orúkọ Peteru sọ.”

N kò gbà. Mo ní, “Ṣebí orí àgbélébùú ni gbogbo rẹ̀ ti parí?”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bí ènìyàn bá dúró fún ọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n sì tì í mọ́lé nítorí rẹ, ìgbà wo lo máa mọ̀ pé ẹjọ́ ti tán? Ọjọ́ tó bá jáde wálé ni. Bí Jésù bá ṣì wà nínú ilẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ wa ṣì wà lọ́rùn wa.”

Tìbínútìbínú ni mo fi lọ sílé. Ṣé nítorí pé ibojì ẹlòmíràn ṣófo ni ti ọmọ mi kò ṣe ní dùn mí? Ṣùgbọ́n mo jókòó ti ààrò ẹja mi, mo rò ó, mo tún un rò. Bí òkú kò bá ní jí, òótọ́ ni mo sọ fún Délé, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti dé sàárè, ó sì ti parí. Ṣùgbọ́n bí Ẹni tó kọ́kọ́ jí bá jí pẹ̀lú àlàáfíà lẹ́nu ńkọ́? Ibojì tí mò ń kọrin pé ó ti ṣí, èmi náà ni mo ti àbúrò mi mọ́ inú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ní ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, ìjọ máa ń di oúnjẹ lọ jẹ ní pápá, Gálílì la máa ń pè é. Mo pe Délé lórí fóònù. Mo ní, “Ọ̀la là ń lọ sí Gálílì. Máa bọ̀.” Ó ní, “Àǹtí mi, ta ló ní kí n wá?” Mo ní, “Èmi ni. Mo dá orúkọ rẹ sọ.”

Ó wá, ṣùgbọ́n ẹnu géètì pápá ló dúró sí. Mo lọ fà á wọlé, mo tẹ́ ẹní, mo gbé ẹja tó tóbi jù fún un. Ó mú un lọ́wọ́, kò jẹ ẹ́. Ó ní, “Àǹtí mi, Ìbùkún ò tíì dá mi lóhùn o.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Mo mọ̀. Yóò dá ọ lóhùn. Lọ́jọ́ tí Olúwa bá jí i, èmi ni n ó fà ọ́ lọ́wọ́ lọ bá a. Èmi ìyá rẹ̀ ti dárí jì ọ́. Jẹun.” Ó jẹ ẹ́ tẹkúntẹkún. Èmi náà bẹ̀ ẹ́ nítorí gbólóhùn mi, kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi ní ó ti tán.

Ẹ má rò pé kò dùn mí mọ́. Bí ọ̀kadà bá fọn fèrè, àyà mi ṣì ń já. Ẹ̀yin tí ẹ ń di ènìyàn sínú, ẹ má rán alààyè lọ bẹ òkú. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń pariwo pé kí wọ́n ṣe kíá, kò sì sẹ́ni tó rán mi lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí a bá jí Ìbùkún, tó bá rí Délé tó sì bi mí pé, “Màmá, ta ló sọ bọ̀dá mi di báyìí?”, kí ni n ó wí?