Ai-sii Bọ̀dé kò bàjẹ́, èmi ni mo jó o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ mí. Opó kan ní Sabon Gari, ní Kano níbí, ní kí n dúró bíi bàbá fún ọmọ òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ba ayé ọkọ òun jẹ́. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Bọ̀dé lorúkọ ọkọ náà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi ń tún rédíò ṣe, òun ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lọ́jà. Kó tó di pé àwọn alágbádá gbàjọba lọ́wọ́ ṣójà, Alhaji kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Noman's Land gbé ẹ̀rọ tó ń to ọ̀rọ̀ wá fún mi. Ai-sii kan, ìyẹn ẹ̀yà dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ, ló kú nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fílípì-fílọ́ọ̀pù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ìsọfúnni, kó dì í mú, kó má tú u sílẹ̀ àfi tó bá kàn án, torí ọ̀nà kan náà ni gbogbo inú ẹ̀rọ jọ ń lò. Láìsí i, ńṣe ni gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ará ọjà.

Bọ̀dé wọ rélùwéè lọ sí Èkó, ẹyọ kan péré ló rí mú bọ̀. A jọ dán an wò ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Iná fóòtì márùn-ún ni ai-sii yẹn ń jẹ, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n NEPA mú iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bátìrì ọkọ̀ la sì fi ń dán rédíò wò, fóòtì méjìlá nìyẹn. Ó ti mọ́ mi lára. Mo ní kí n tún ai-sii náà dán wò kí n tó jó o mọ́ ẹ̀rọ, ìkánjú mú mi, mo fi wáyà bátìrì kàn án tààrà. Ó ta kẹ́, ó rú èéfín.

Ẹ̀rù Alhaji bà mí. Nígbà tó dé, mo ní ayédèrú ni Bọ̀dé tà fún un.

Ó wọ́ mi lọ sí ìsọ̀ Bọ̀dé. "Haba, Bọ̀dé! Na fake you go sell give me?"

"Wallahi, Alhaji, original ni." Bọ̀dé yíjú sí mi. "Ọ̀rẹ́, talk now! Ṣebí a jọ test ẹ̀?"

Mo wolẹ̀.

Gbogbo ọjà gbọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnu mi ni Alhaji ti gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ra nǹkan lọ́wọ́ Bọ̀dé mọ́. Ìsọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá di alábàárù ní ọjà Singer. Mo rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tòun ti àpò iyọ̀ lórí, mo sá gba ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ. Kò pẹ́ sí i ni àpò ya lù ú, ọrùn rẹ̀ kán. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Àtìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, mo sì máa ń sọ fún wọn pé Bọ̀dé kì í ṣe oníjìbìtì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí, ojú sì ń tì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fúnmi, ọmọ náà, kúnlẹ̀ níwájú mi. Kano ni wọ́n bí i sí, Hausa ló yá a lẹ́nu jù. "Baba, kai ne babana yanzu." Ó ní èmi ni bàbá òun báyìí. Ìyá rẹ̀ ní bàbá ọkọ ìyàwó ń ṣe tìkọ̀, pé òun ò fẹ́ ọmọ gbájú-ẹ̀ nílé òun. Ó ní kí n bá àwọn lọ bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbà pé ọkọ mi lu jìbìtì," ló wí, ó sì ń sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá dákẹ́, ọmọ lè pàdánù ọkọ. Tí mo bá sọ òótọ́, ta ni yóò kù fún wọn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá àti ọmọ ti ní àwọn á wá mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá ọkọ náà lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.