Réélì Ọkọ̀ Alhaji

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ló gbé mi dìde, ẹ bá mi gbé e, torí ó wúwo ju irin lọ. Wẹ́dà ni mí, mo mọ ohun tó ń jẹ́ wúwo.

Alhaji kan ní Adéwọlé ní kí n kan ọkọ̀ ojú omi fún òun, tí ìdílé òun á máa fi gbafẹ́ lórí odò Ọya ní Jẹ́bà. Irin ni mo fi ṣe ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ní alumíníọ̀mù tó ń dán lòun fẹ́ fún réélì tí èèyàn á máa dì mú. Wẹ́ẹ̀dì kì í so àwọn méjèèjì pọ̀. Tí wọ́n bá sì fara kanra nínú omi, alumíníọ̀mù á máa jẹrà. Mo bá fi rọ́bà táyà sáàárín wọn, mo fi bóòtù irin àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè é, mo kùn ún. Ọkọ̀ lo òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan lórí omi.

Sátidé tó kọjá, ìyàwó mi gbé ìkòkò alumíníọ̀mù tí mo fi bóòtù irin tún etí rẹ̀ ṣe wá. Ó ní, "Bàbá Tólú, wẹ́dà ńlá, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Mo fọwọ́ kan etí ìkòkò, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gbogbo ìdí bóòtù ti di ìyẹ̀fun funfun. Ti Alhaji náà ńkọ́? Rọ́bà wà láàárín lóòótọ́, ṣùgbọ́n bóòtù irin yẹn gba inú alumíníọ̀mù kọjá. Ọjọ́ yẹn gan-an ló sì sọ pé òun máa gbé ìyá òun àti àwọn ọmọ lọ gbafẹ́.

Mo pè é, fóònù ò wọlé. Mo wọ mọ́tò Jẹ́bà. Ẹsẹ̀ mi ò dúró, ẹnu mi ò dúró. Ẹni tó jókòó tì mí ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ tọ̀ ni?"

Mo ní, "Àdúrà ni mò ń gbà."

Ó ní, "Ẹ rọra gbà á, ìgúnpá yín ń gún mi."

Nígbà tí mo dé etí odò, ẹ́ńjìnnì ti ń dún, àwọn ọmọ ti dì mọ́ réélì. Ìyá Alhaji nìkan ló kù. Màmá ní òun ò ní wọ ọkọ̀ láì kírun Alásárì. Ó ti kí i tán, ó tún ń fa tẹ̀sùbáà lórí ẹní.

Alhaji ní, "Ìyá, ilẹ̀ ń ṣú lọ o."

Màmá ní, "Odò yìí ò bá ẹ ṣàdéhùn kankan. Jókòó."

Mo ní kí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀. Mo fa réélì lẹ́ẹ̀kan péré, ó tẹ̀lé mi bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Mo ti tún un dè, rọ́bà wọ inú ihò, ó wọ abẹ́ orí bóòtù pàápàá. Síbẹ̀, ọkàn mi ò tíì jókòó. Bí ẹ bá rí mi tí mò ń fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wò lẹ́yìn ìsìn, ẹ má pe pásítọ̀.

Ọlọ́run tó gbọ́ mi nínú mọ́tò ló dá màmá yẹn dúró lórí ẹní. Kí ògo máa jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ jáde láná tó sì padà wálé, kó dìde bá mi yọ̀.