Yàrá Ẹ̀yìn ní Ilé Ogida

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ Yorùbá wa ní Bìní yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àwo ẹ̀yẹ yẹn padà sórí tábìlì. Ọwọ́ mi kò mọ́ tó láti gbà á. Ẹ ní mo tọ́jú Màmá Ogida títí ó fi kú, pé ọmọ tó bí kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Èmi Tóyọ̀sí ni mo pa á. Láti ọjọ́ tí alága ti wá sọ fún mi nípa ẹ̀yẹ yìí ni ìwà mi ti ń rí èmi fúnra mi lára, n kò sì lè gbé e mì mọ́.

Ẹ mọ ilé náà. Ilé alámọ̀ pupa létí kánáálì ní Ogida, tí bàbá àgbà ọkọ Màmá kọ́, tí ògiri rẹ̀ ní ilà gbọọrọ gbọọrọ, tí àgbàlá àárín rẹ̀ kò ní òrùlé. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Màmá. Ó fẹ́ ará Bìní, ó sì di ará ibẹ̀. Nígbà tí mo dé ìlú yìí tí n kò níbi orí gbé sí, òun ló gbà mí sílé. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Gbogbo èdè Bìní tí mo gbọ́, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Osaro, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà. Òun ló dábàá pé ká máa gba àlejò tó fẹ́ sun ilé àtijọ́ mọ́jú. Ó ní, "Aunty, make Mama dey see people. E no good make she dey alone." Inú Màmá dùn sí i. Bí àlejò bá dé, á jókòó tì wọ́n ní àgbàlá, á máa pìtàn ilé náà fún wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àfi ìgbà tó ṣubú ní balùwẹ̀ tí eegun ìbàdí rẹ̀ dá. Kò dìde mọ́. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí náà ló ń tọ̀ sí, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí.

Ó ń rí mi lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Òórùn yẹn wọ aṣọ mi, ó wọ irun mi, mo ń gbọ́ ọ nínú ọbẹ̀. Bí mo bá ti fẹ́ wẹ̀ ẹ́, èébì á gùn mí lọ́fun. Màmá sì mọ̀. Á yí ojú sí ògiri, á ní, "Tóyọ̀sí, má bínú o. Ara ló dà mí." Ẹni tó fọ ìgbẹ́ àwọn ọmọ mi nígbà tí mo bímọ ló ń bẹ̀ mí! Dípò kí ojú tì mí, ṣe ni inú ń bí mi.

Ọjọ́ tí àlejò kan di imú tó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ ni mo gbé Màmá sí yàrá ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀, tó kọjú sí kánáálì. Mo ti fèrèsé pa. Bí àlejò bá ń bọ̀, n kì í fún Màmá lómi láti àárọ̀, kó má baà tọ̀. Mo sọ fún Osaro pé yàrá ibẹ̀ ló tutù jù. Àlejò tó bá béèrè ohun tó ń rùn, màá ní kánáálì ni. Kánáálì dọ̀tí lóòótọ́: ike, pàǹtírí ọjà, òkú ajá. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń purọ́ mọ́ ọn, mo rùn jù ú lọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láolú, tó wá ṣèpàdé ní Ekiadolor nítòsí Bìní, mú Ayọ̀ọlá ìyàwó rẹ̀ wá sùn. Ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ilé náà wù wọ́n. Ìyàwó ń fọwọ́ pa ògiri lára. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ alẹ́ wá, ó fa imú.

"Àǹtí, kí ló ń rùn báyìí?"

"Kánáálì ni. Ẹ má bínú."

Wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ sùn.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbá ògiri. "Tóyọ̀sí. Omi. Tóyọ̀sí mi." Ohùn rẹ̀ ti há. Ayọ̀ọlá jáde síta.

"Ta ló ń pe orúkọ yín?"

"Aṣiwèrè kan ni," ni mo wí. "Etí kánáálì ló ń sùn. Ó mọ orúkọ gbogbo wa ládùúgbò."

Ẹ gbọ́ o. Màmá tó gbà mí sílé ni mo pè ní aṣiwèrè. Obìnrin náà fẹ́ máa lọ sẹ́yìn ilé, mo dúró dí i lọ́nà. Ó ní, "Òùngbẹ mà lè pa á nínú ooru yìí." Ó wọlé, ó mú ike omi tútù kan jáde. "Ẹ bá mi fún un."

Mo gbà á, mo tún dúpẹ́. Mo yí lọ sẹ́yìn ilé, mo dúró sábẹ́ fèrèsé tí mo tì pa. Mo rò ó pé bó bá mu ún, á tún tọ̀, àwọn àlejò mìíràn sì ń bọ̀ lọ́sàn-án. Mo ṣí ike náà, mo da omi inú rẹ̀ sí kánáálì, mo rọra ń dà á títí ó fi tán. Màmá gbọ́ ìró omi. Ó rò pé inú ife ni mo ń dà á sí. Láti inú lọ́hùn-ún ló ti ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn ọmọ tìẹ náà á tọ́jú rẹ."

N kò ṣílẹ̀kùn. Mo padà lọ gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú àlejò. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, tí mo ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, ni mo tó wọlé tọ̀ ọ́. Ó ti kú. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ètè rẹ̀ bó. Mo wẹ̀ ẹ́ fínnífínní lọ́jọ́ náà; kò rí mi lára mọ́. Mo fi lọ́fínńdà pa á lára, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn àlejò kí n tó figbe ta. Mo sọ fún Osaro pé ojú oorun ló gbà lọ. Ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà wá, ẹ ní òkú náà mọ́ tónítóní.

Àná ni mo pe Osaro, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Aunty, ordinary water?" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń bì. N kò pa fóònù. Mo gbọ́ ọ títí tó fi bì tán. Ó ní òun ń bọ̀ wálé, òun á sì fi ọlọ́pàá mú mi. Mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, tó ń gbọ́ Yorùbá tó ń fi òyìnbó dáhùn, ara àgbà á rùn. Tiyín náà á rùn. Bó bá ti ń rí yín lára, ẹ tètè pariwo pé apá yín kò ká a mọ́, kí ẹlòmíràn bá yín ṣe é. Ẹ má tìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Olúbọ̀dé, mo mọ̀ pé ìyá rẹ tó ti darúgbó nìkan ló wà nílé báyìí, torí gbogbo ẹ̀yin ará ilé rẹ lẹ wá síbi ẹ̀yẹ mi. Má dúró gbọ́ ìyókù. Dìde, lọ bu omi fún un.