Mo Yọ Erinmi Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbùùbùtán

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó, síbẹ̀ ojú ń tì mí. Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe yín rí? Ohun tó dára jù lọ tí mo rí láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ní Ọ̀tà níbí, irọ́ ni mo ti kọ́kọ́ pa mọ́ ọ̀rẹ́ mi nítorí rẹ̀.

Èmi àti Bùkọ́lá la jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wa. Dókítà tó ń kọ́ wa ní ká wádìí ẹranko tó bá àbùùbùtán, ẹran ràbàtà inú òkun yẹn, tan jù lọ. A ò fojú kan òkun o! Ohun àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní DNA wà nínú ara gbogbo ẹranko, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà mẹ́rin péré tí wọ́n ń tún lò léraléra, tó fi tò lọ rẹrẹẹrẹ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti kó ti àbùùbùtán, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti erinmi. Bùkọ́lá tò wọ́n síra, kọ̀ǹpútà wo ibi tí wọ́n ti jọra, ó ya àwòrán ìbátan wọn, ó wá fi erinmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbùùbùtán. Kí lèyí? Erinmi tó jọ ẹlẹ́dẹ̀ délẹ̀! Mo ní Bùkọ́lá ti da fáìlì pọ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ jàre." Èmi olóríkunkun, mo yọ erinmi kúrò nínú àwòrán náà láìsọ fún un, mo lọ tẹ ìwé iṣẹ́ wa jáde ní àdúgbò Ṣàngó.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Erinmi dà? Òun gan-an ni mo ní kẹ́ ẹ lọ wá!" Mo ní, "Bùkọ́lá ló ṣe apá yẹn, mà." Omi lé ròrò sójú Bùkọ́lá. Dókítà, tó fẹ́ gba ọ̀kan nínú wa síṣẹ́ ní yàrá ìwádìí rẹ̀, bá ní èmi lòun máa gbà.

Lánàá ni mo wá fọwọ́ ara mi tún gbogbo rẹ̀ tò. Yéè! Ọ̀pọ̀ ibi tí erinmi ti yàtọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti bá àbùùbùtán dọ́gba, lẹ́tà sí lẹ́tà! Ẹni tó ń wẹ̀ lódò àti ẹni tó bá òkun lọ, ìran kan náà ni wọ́n! Orí mi wú, mo pariwo. Mo ti ń tẹ nọ́ńbà Bùkọ́lá kí n tó rántí ohun tí mo ṣe.

Mo ti sọ òótọ́ fún Dókítà láàárọ̀ yìí. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dùn mí wọra. Ilé Bùkọ́lá ní Ìtẹ̀lé ni mò ń lọ báyìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: tó bá ṣílẹ̀kùn, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ, ẹ̀bẹ̀ ni àbí erinmi?