Fáìlì Mùkáílà

Nígbà tí irun ṣì wà lórí mi, Tọ́lá, akọ̀wé kóòtù májísíréètì ni mí. Èyí wo? Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Kóòtù tí ìwọ ń lọ ṣe lọ́yà lónìí ní ẹ̀rọ amúlétutù. Tiwa ńkọ́? Ilẹ̀ la ń kó fáìlì sí. Ìjọba ò ra kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò sì gba èèyàn kún wa. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin, èmi nìkan. Ṣé inú mi bàjẹ́? Rárá o. Mo ń so táì, mo ń wúkọ́ kí n tó pe orúkọ… bí ẹni pé èmi gan-an ni adájọ́.

Obìnrin kan wà, Ìyá Mùkáílà, tó ń ta ọṣẹ ní Agboju. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀ jí jẹnẹrétọ̀. Ọmọ náà wà lẹ́wọ̀n, wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí obìnrin yìí bá wá, ohun kan náà ni mò ń sọ: "A ò tíì rí fáìlì, ìyá. Ẹ padà wá."

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọ̀gá, ó ti pé ọdún méjì."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni ìjọba."

Gbọ́ ná. Sátidé kan, ọjọ́ ìmọ́tótó ìparí oṣù tí wọn kì í fẹ́ rí ẹnikẹ́ni níta láàárọ̀, mo yọ́ jáde nílé wa ní Fẹ́sítáàkì, mo fẹ́ ra búrẹ́dì. Ọlọ́pàá mú mi. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ mí ṣá? Èmi ni kóòtù."

Ọlọ́pàá yẹn ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín, ọ̀gá kóòtù."

Òun nìkan ló wà ní tẹ́sàn. Ẹni tó lè fọwọ́ sí béèlì mi ti tẹ̀lé olówó kan lọ síbi ìgbéyàwó. Ìyá rẹ àgbà dé, àní òun ló lọ ra bébà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ọjọ́ Àìkú, "Ẹ padà wá." Ọjọ́ Ajé, "Ẹ padà wá." Mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, mo ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí sílẹ̀, mi ò lọ sílé lọ wẹ̀. Kóòtù ni mo gbà lọ. Mo tú gbogbo ilẹ̀, mi ò rí fáìlì Mùkáílà. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ jókòó… Ṣé o rí i pé mo kúrú? Ó ti pẹ́ tí mo ti to fáìlì mélòó kan sórí àga mi, kí n lè ga díẹ̀ tí mo bá ń pe ẹjọ́. Mo tú u wò. Ibẹ̀ ló wà. Ọdún méjì ni mo fi jókòó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Mo gbé e lọ bá májísíréètì, mo jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ náà, ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ ò yọjú, wọ́n sì dá Mùkáílà sílẹ̀. Mo sọ ibi tí mo ti rí fáìlì fún ìyá ẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi létí ni. Ó kàn rọra bi mí pé, "Ṣé ìjókòó yẹn tù yín lára, ọ̀gá?"



Ayé ti yí, kọ̀ǹpútà ti dé. Síbẹ̀ ìwọ náà lo sọ pé ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n lò ò wá síṣẹ́, ni wọ́n bá sún gbogbo ẹjọ́ síwájú. Mo bi ọ́ pé kí lorúkọ ẹni tó ń retí rẹ lẹ́wọ̀n. O ní o máa wò ó.

Wò ó, ọmọ mi. Tó o bá ti rí orúkọ náà, lọ kí ìyá ẹ̀.